Ọjọ́ Tí Omi Gba Èémí Lẹ́nu Kọmándà

Gbogbo ẹni tó ń gbé etí omi ní Borokiri, ní Port Harcourt, ló mọ̀ pé Láńre àti ajá Dagogo kì í ṣe ọ̀rẹ́. Kọmándà ni wọ́n ń pe ajá náà. Ó pupa rúsúrúsú, àyà rẹ̀ gbòòrò bí àyà akọni, etí rẹ̀ kan dúró ṣánṣán, èkejì sì wó lulẹ̀. Ó máa ń ju ìrù sí àwọn ẹlẹ́ja, ó ń ju ìrù sí àwọn awakọ̀ ojú omi, kódà àwọn tó wá gba owó iná, ó ń ju ìrù sí wọn. Àmọ́ bó bá ti gbúròó bàtà Láńre láàárọ̀, á fò dìde, á sì máa gbó mọ́ ọn láti ẹnu géètì títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Láńre gbà pé fìlà líle funfun tí òun máa ń gbé dání lọ síbi iṣẹ́ ni ajá náà kò fẹ́ràn. Hannah ìyàwó rẹ̀ ní kì í ṣe fìlà. Ó ní ìwàásù ọkọ òun ló sú ajá.

Òótọ́ ni pé ìwàásù Láńre pọ̀. Ọ̀gá sẹ́fítì ni ní iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo rọ̀bì tún kànga wọn ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń paná, bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àti bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí èémí rẹ̀ ti lọ kí ó lè padà. Ọmọláńgidi oníke kan tí kò lẹ́sẹ̀ ló fi ń kọ́ wọn. Ó ti tẹ àyà ọmọláńgidi yẹn títí tí òógùn fi ń kán tótó lójú rẹ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ náà, kò tíì sí ẹlẹ́mìí kan tó dákú níwájú rẹ̀. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bó bá dá jókòó, á máa ṣe é bí ẹni tó kọ́ odò wíwẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Dagogo ní tirẹ̀ jẹ́ àgbà ọkùnrin, ọmọ Kalabari, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Inú ọgbà kan náà ni òun àti àwọn òbí Láńre jọ gbé nígbà tí bàbá Láńre ń ru ẹrù ní èbúté. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi kí ó fi písínì díẹ̀ bù ú lé. Àìmọye ìgbà ni Láńre ti sọ fún un pé kó máa wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kó tó wọ ọkọ̀, kó má sì jẹ́ kí ajá rẹ̀ máa dúró sí orí ọkọ̀ níwájú bí ọ̀gá sójà.

Èsì kan náà ni Dagogo máa ń fún un. "Láńre, mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí ẹ. Omi ò mu mí. Ajá mi náà, pikin of water ni."

Ní Sátidé kan nínú oṣù keje, òjò òwúrọ̀ ti dá, oòrùn ti yọ, omi sì ti kún dé abẹ́ pákó jẹ́tì tí àwọn ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Láńre àti Hannah sọ̀ kalẹ̀ lọ ra ẹja lọ́wọ́ Tamunotonye, obìnrin onírun funfun kan tó jẹ́ pé bí ó bá dá owó lé ẹja, ìbúra ni. Hannah ń ná ẹja, Láńre ń wo omi. Dagogo wà nínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan tí kò jìnnà, ó ń dán ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wò. Kọmándà dúró níwájú ọkọ̀, ó gbé imú sókè, ó ń gbóòórùn afẹ́fẹ́.

Bí ọkọ̀ ayára kan ṣe já wọlé láti ọ̀nà Bonny nìyẹn, tí ó sì ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbì tó dá sílẹ̀ gbé ọkọ̀ Dagogo sókè, ó sì fi í lu òpó jẹ́tì gbàgà. Ẹsẹ̀ Kọmándà yọ̀. Ó bọ́ sáàárín ọkọ̀ àti òpó, omi sì gbé e mì.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ̀ pé Kọmándà mọ̀wẹ̀? Wọ́n ń retí kí orí pupa yẹn yọ kó máa gbọn omi dànù. Orí kò yọ. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láńre rí i pé okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ mọ́ òpó ti le gan-an, ó sì ń gbọ̀n rìrì lójú omi, bí ìgbà tí ẹja ńlá bá gbé ìwọ̀.

"Okùn ti dì í lẹ́sẹ̀!" ló pariwo. "Bọ̀ọ̀dá Dagogo, ó wà lábẹ́ ọkọ̀!"

Dagogo mú ọ̀bẹ, ó bẹ́ sómi tòun ti bàtà. Ó lọ sísàlẹ̀, ó yọ, ó mí kanlẹ̀, ó tún lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ó pẹ́ kó tó yọ, Hannah sì ti di apá ọkọ rẹ̀ mú débi pé èékánná rẹ̀ wọlé. Nígbà tó yọ, okùn tó gé wà ní ọwọ́ rẹ̀ kan, ajá wà ní èkejì. Láńre dojú bolẹ̀ lórí pákó, ó na ọwọ́, ó gbá ajá náà lọ́rùn mú, òun àti awakọ̀ kan sì fà á gòkè.

Kọmándà rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí àpò tí òjò pa. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì ríran. Ahọ́n rẹ̀ tó yọ sílẹ̀ ti dúdú bí ẹni tó lá aró.

Dagogo gun orí pákó wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ajá rẹ̀ lórí. Omi ń ro lára rẹ̀.

"E don go," Tamunotonye sọ jẹ́jẹ́. "Dagogo, sorry o."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ nù, kí wọ́n kúkú gbé e fóun, òun mọ ẹni tó ń fi ajá se ọbẹ̀ ata. Tamunotonye yíjú sí i, ojú tó fi wò ó sì tó láti pa á lẹ́nu mọ́.

Nǹkan kan ṣe gìrì lára Láńre. Kò gbèrò rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ lé e. "Ẹ fún wa láyè. Ẹ fà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Hannah, pe Chioma."

Hannah ti ń pè é kó tó sọ tán. Chioma jẹ́ dókítà àwọn ẹranko, ọmọ ìjọ wọn, tó ní ibi ìtọ́jú kékeré kan ní Rumuigbo. Ìbàdàn ló ti kàwé, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Port Harcourt lọ.

"Àǹtí Hannah, ẹ káàsán ma."

"Chioma, ajá ló kó sómi. A ti fà á jáde, kò mí."

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Ọkọ mi."

"Ẹ fi mí sí sípíkà, ẹ gbé fóònù súnmọ́ ọn." Ohùn ọmọbìnrin náà yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó di ohùn ọ̀gá. "Bọ̀ọ̀dá Láńre, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè kí orí wà nísàlẹ̀, kí omi ṣàn jáde. Ẹ má pẹ́ níbẹ̀, ẹ má sì fì í. Kó kàn ṣàn ni."

Láńre àti Dagogo gbé ajá náà nídìí. Omi iyọ̀ tó pọ́n tú jáde nímú àti lẹ́nu rẹ̀, ó ṣàn gba àárín pákó lọ.

"Ó tó. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ la ẹnu rẹ̀, ẹ fa ahọ́n wá síwájú. Ẹ wò ó bóyá nǹkan há sí i lọ́fun."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Láńre máa súnmọ́ eyín yẹn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gùn, wọ́n funfun. Ó ti ọwọ́ bọ ẹnu ajá tó ti fẹ́ bù ú jẹ láràárọ̀, ìka rẹ̀ sì kan nǹkan tó ń yọ̀. Ó fà á. Ọ̀rá dúdú kan tó ti ya ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹja. Ó jù ú sẹ́yìn.

"Mo ti yọ ọ̀rá kan."

"Ẹ ṣeun. Ẹ fi ọwọ́ sí inú itan rẹ̀ lẹ́yìn, lókè níbi tó ti pàdé ikùn. Ṣé nǹkan ń lù níbẹ̀?"

Láńre wá a, ó tún wá a. Irun tútù àti ẹran tútù nìkan ni ìka rẹ̀ bá. Ọkàn tirẹ̀ ló ń lù kìkìkì, débi pé ó ń gbọ́ ọ létí. "Kò sí nǹkan kan."

"Ó dáa. Ẹ mọ títẹ àyà, àbí?"

"Iṣẹ́ mi ni."

"Bákan náà ló rí. Ibi tí ìhà rẹ̀ ti yọ jù lọ ni kí ẹ gbé ọwọ́ lé, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó rì wọlé dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kó padà sókè kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Kíákíá ni o. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ọgbọ̀n, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ fẹ́ èémí sí i nímú lẹ́ẹ̀mejì."

"Nímú?"

"Nímú, sà. Títí tí àyà rẹ̀ á fi wú."

Láńre gbé ọwọ́ lé ìhà Kọmándà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Ọmọláńgidi ibi iṣẹ́ máa ń dún kọ́ọ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń le. Èyí rọ̀, ó ní egungun, ó ní ìwúwo, ó sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nísàlẹ̀ irun rẹ̀. Ìyẹn ló gbé e lọ́kàn sókè. Ó ṣì gbóná. Ó ń tẹ̀, ó ń kà sókè. Nígbà tó dé ọgbọ̀n, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ẹnu ajá náà dé. Hannah fi etí gèlè rẹ̀ nu imú ajá náà. Láńre sì fi ẹnu bo imú ajá.

Iyọ̀, epo ẹ́ńjìnnì àti ẹja ló kàn án lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan búsẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wá wo ọ̀gá tó ń fẹnu ko ajá lẹ́nu. Láńre gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni pé láti òdìkejì omi ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ èémí.

"Ó wú!" Dagogo ló pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìhà ajá náà. "Láńre, àyà rẹ̀ wú!"

"Ẹ tún fẹ́ ẹ," ni Chioma sọ nínú fóònù, "kí ẹ padà sórí àyà. Ẹ má sinmi."

Ó padà. Nígbà tó ń ka ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ ti ń há. Tamunotonye ló gba kíkà náà lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́ lé ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á ní èdè rẹ̀. Awakọ̀ tó bá wọn fa ajá gòkè dara pọ̀. Ẹlòmíràn ń kà á ní Ìgbò, òmíràn ní òyìnbó, nọ́ńbà wọn sì ń forí gbárí. Kò pẹ́ tí jẹ́tì fi kún fún àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo tó ń dún pà, pà, pà. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ti ń pàtẹ́wọ́ jù wọ́n lọ.

Apá Láńre bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bí òkúta. Òógùn wọ̀ ọ́ lójú. Chioma gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń já.

"Ẹ máa gbà á lọ́wọ́ ara yín, Bọ̀ọ̀dá. Bó bá ti rẹ ènìyàn, kò ní tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́."

"Bọ̀ọ̀dá Dagogo, ẹ bọ́ síbí," ni Láńre sọ. " Ẹ gbé ọwọ́ yín lé ibi tí tèmi wà. Ẹ na apá gbọnrangandan. Kì í ṣe ọwọ́ lẹ ó fi tẹ̀ ẹ́, gbogbo ara ni."

Dagogo tẹ̀. Ọwọ́ tó ń tú ẹ́ńjìnnì lágbára. Láńre jókòó ti orí ajá náà, ó ń fẹ́ èémí bó bá ti kan án, ó sì tún ń fi ìka sí inú itan náà. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún ṣe é. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ṣe é títí tí àtẹ́wọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, tí àwọn kan sì ti ń wo ilẹ̀.

"Láńre," Dagogo sọ láìgbé ojú sókè, "jẹ́ kó máa lọ. O ti gbìyànjú."

"Rárá o." Láńre fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun lè sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà. Ẹ má dúró."

Ó fẹ́ èémí, ó tún fẹ́ ẹ. Ó dá ìka padà sínú itan. Nǹkan kan ta á níka.

Kò dá a lójú. Ó di èémí tirẹ̀ mú kó lè gbọ́ dáadáa. Ó tún ta á. Ó kéré bí ìgbà tí ẹyẹ bá fi ṣóńṣó ẹnu ṣá ènìyàn, ṣùgbọ́n ó tún ta á, ó sì tún ta á.

"Ó ń lù," ló sọ. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ tó jáde gidi. "Ó ń lù! Hannah, ọkàn rẹ̀ ń lù!"

Ariwo gba gbogbo jẹ́tì, àfi bí ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Chioma ní láti kígbe kí wọ́n tó gbọ́ ọ. "Ẹ dá àyà títẹ̀ dúró. Èémí ló kù, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ máa fẹ́ ẹ, díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi máa mí fúnra rẹ̀."

Ó ń fẹ́ ẹ lọ nígbà tí ara ajá náà gbé sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Láńre yí orí rẹ̀ sísàlẹ̀ kíá. Kọmándà wúkọ́, ó bì, omi àti ìfófòó tú sórí ṣòkòtò Láńre, lẹ́yìn náà ni ó fa èémí kan tó gùn, tó ń dún hùrùrù, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ọdún pípẹ́. Ó tún fa òmíràn. Aró tó wà lára ahọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó di elésèé àlùkò, ó di pupa.

Dagogo fi ojú bo irun ajá rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ẹ má dì í lẹ́nu o," ni Chioma ń sọ. "Ajá tó bá ń wá èémí, a kì í fi okùn dì í lẹ́nu. Àmọ́ ẹ gbé ojú yín jìnnà sí i. Bó bá ta jí, ìrora lè mú kó bu ẹnikẹ́ni jẹ, kódà ọ̀gá rẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀ níbí kíákíá. Kò tíì bọ́ nínú ewu. Omi tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè pa á tó bá dọwọ́ alẹ́."

Kọmándà ṣí ojú. Ojú náà rìn káàkiri, ó dé ọ̀dọ̀ Láńre, ó dúró. Láti inú ọ̀fun rẹ̀ tí kò tíì lágbára, nǹkan kan dún gùrùrù.

"Ó ti mọ̀ ẹ́," ni Hannah sọ. Gbogbo wọn búsẹ́rìn-ín, Láńre náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀.

Hannah tú ìró òkè rẹ̀, wọ́n fi wé ajá náà. Tamunotonye fa pákó pẹlẹbẹ tó ń pa ẹja lé jáde lábẹ́ ẹrù rẹ̀, ó da omi sí i, ó ní kí wọ́n fi gbé e. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé Kọmándà jáde sí títì bí ọba.

Yísà ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, tí wọ́n bí sí Diobu, òun ló sì sábà máa ń gbé Hannah lọ sí ọjà. Ó rí ohun tó wà lórí pákó, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

"Ajá? Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé Mùsùlùmí ni mí. Itọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn mí."

"Mo mọ̀, Yísà," Láńre dáhùn. "Ṣùgbọ́n omi ló gbé e, ṣẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ padà. Rumuigbo là ń lọ. A ó bá ẹ fọ kẹ̀kẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ pátá."

Yísà wo Dagogo tó tutù láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo ìhà tó ń lọ sókè sódò nínú ìró Hannah. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹní ìkírun rẹ̀ tó ká àti kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ kúrò lẹ́yìn, ó kó wọn sí ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú. "Ẹlẹ́mìí ni. Ẹ gbé e wọlé. Kó má ṣáà lá mi."

Kẹ̀kẹ́ náà fò jáde ní Borokiri bí ẹyẹ. Dagogo àti Láńre gbé pákó náà lé itan, Hannah há sí igun pẹ̀lú fóònù létí. Wọ́n la àdúgbò Town kọjá láìdúró. Yísà ń fọn fèrè, ó ń gba àárín ọkọ̀ méjì, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí pákó náà fò ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ọjà Mile One, ọ̀nà dí pa. Àwọn ọkọ̀ dúró, àwọn tó ń ta ìpékeré àti omi inú ọ̀rá ń rìn láàárín wọn.

Ibẹ̀ ni Láńre ti rí i pé ìhà abẹ́ ìró náà kò lọ sókè mọ́.

"Kò mí. Bọ̀ọ̀dá, kò mí mọ́."

Ó fi ọwọ́ sínú itan. Ọkàn ṣì ń lù. Èémí nìkan ló lọ. Láńre pa ẹnu ajá náà dé láìronú, ó tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ èémí sí i nímú. Dagogo ti bẹ́ sílẹ̀. Àgbàlagbà náà ń sáré níwájú kẹ̀kẹ́ tòun ti aṣọ tútù, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ọkọ̀ àwọn ènìyàn.

"Emergency! Abeg, emergency dey here! Comot for road!"

Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Àwọn ènìyàn rò pé aboyún ló wà nínú rẹ̀. Ìyá kan tó tẹ́ tòmátò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bẹ̀rẹ̀ wo inú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àánú lójú, ó rí Láńre tó fi ẹnu bo imú ajá.

"Na dog?" ló bi wọ́n.

"Na dog, Mama," Yísà dáhùn. "Abeg shift."

Ìyá náà wo ajá, ó wo Láńre, ó sì fi ìdí ti tábìlì tòmátò rẹ̀ sẹ́yìn. Tòmátò yí lọ sí gọ́tà. Yísà gba àlàfo náà kọjá, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan gun etí títì, Dagogo dì mọ́ irin ẹ̀yìn, ó fò wọlé, wọ́n sì ti já. Nígbà tí wọ́n ń kọjá Mile Three, Kọmándà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí fúnra rẹ̀. Láńre kò gbójú kúrò lára ìhà náà títí wọ́n fi kọjá Rumuokwuta.

Chioma ti dúró sí ẹ̀bá títì ní Rumuigbo. Ó gbé ajá náà wọlé pẹ̀lú wọn, ó fi rọ́bà ọ́síjìn sí i nímú, ó sì gbé nǹkan ìgbọ́kàn sí i láyà. Ó gbọ́ tibí, ó gbọ́ tọ̀hún.

"Ọkàn rẹ̀ dára," ló sọ níkẹyìn. "Omi ṣì wà ní ẹ̀dọ̀fóró, a ó máa ṣọ́ ọ. Ìhà rẹ̀ kan ti ṣẹ́."

Láńre yíjú sí i. "Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin tàbí Bàbá. Ìhà tó bá ṣẹ́ á jinná, Bọ̀ọ̀dá. Ọkàn tó bá dúró pẹ́ kì í padà." Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́. Àwọn tí wọ́n ń gbé wá fún mi lẹ́yìn tí omi bá gbé wọn, òkú ni wọ́n máa ń jẹ́. Èyí mí wọlé."

Hannah gbé ike omi fún Láńre, ó gbìyànjú láti ṣí i, omi sì dà sí i láyà. Gbogbo ara rẹ̀ ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ kan ń ru nínú rẹ̀ tó fi ń ṣe é bíi kó sáré yípo ilé náà. Ó ṣe é! Ó gbé ọwọ́ lé ohun tó ti lọ, ó sì padà wá.

Dagogo wá bá a níbi tó jókòó sí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì, tó tutù tó sì le, gbá a lójú mú. "Jákẹ́ẹ̀tì yẹn," ló sọ, "ibo ni wọ́n ti ń tà á? Mo fẹ́ méjì. Ṣé wọ́n máa ń ṣe ti ajá?"

"Wọ́n máa ń ṣe é," ni Chioma dáhùn láti inú yàrá. Inú Láńre dùn débi pé ó gbàgbé láti wàásù.

Dagogo ní òun kò kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi í sílẹ̀ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá rẹ̀, Láńre, Hannah àti Yísà sì wa kẹ̀kẹ́ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ nítòsí. Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ dìde, Yísà ní rárá, àwọn fúnra àwọn ni. Ó bu iyanrìn mímọ́, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe ní kí wọ́n fọ ohun tí itọ́ ajá bá kàn, ó fi hàn wọ́n bí wọn yóò ṣe fi ha àga àti irin, omi kan tẹ̀ lé òmíràn. Láńre ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ń ha, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ọ̀rá dúdú, ó sọ ti ohun tó ta á níka, ó tún padà sórí ọ̀rá dúdú. Hannah tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ń fetí sí i bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, ó ń bi í pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ní gbogbo ibi tó yẹ.

Wọ́n ń da omi ìkẹyìn nígbà tí fóònù Hannah dún. Dagogo ni, Hannah sì fi í sí sípíkà.

"Sọ fún ọkọ ẹ," ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "Kọmándà ti mumi."

Garawa bọ́ lọ́wọ́ Láńre. Hannah gbé ọwọ́ lé àyà. "Omi wo, Bọ̀ọ̀dá Dagogo? Omi wo ni?"

"Omi inú abọ́," ni Dagogo dáhùn, ẹ̀rín sì gba ohùn rẹ̀ kan. "Ó mu ún tán. Ó tún ń bèèrè."